Ará Pólándì Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Pè Lólè

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ki páásípọ́ọ̀tù mi bọ inú àpò gààrí. Èmi náà ni mo fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu àpò náà pa, èmi náà ni mo gbé e lé àwọn ará ìjọ wa lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọrẹ, tí wọ́n gbàdúrà fún mi, tí mo ṣe àmín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo dúró nínú kíṣìnì obìnrin kan ní Houston, mo ní ará Pólándì tá a jọ ń gbé ilé ló jí páásípọ́ọ̀tù náà. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ fi ọgbọ́n yọ ara mi nígbà tá a bá débẹ̀. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù náà sì pọ̀ débi pé làákàyè ni mò ń pè é.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Èmi nìkan ni mo dá rin ìrìn àjò yẹn. Àbúrò mi tó kọ́kọ́ lọ ló ní kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó dé, ó ti ríṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àdírẹ́sì ilé kan ló fi sílẹ̀ dè mí, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará wa kan ní Alief, àdúgbò kan ní Houston. Kí n tó kúrò n'Íbàdàn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan pè mí jókòó, wọ́n kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dá rìn nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ ẹni tí mi ò mọ̀. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni mò ń lọ, kí n dárúkọ ibòmíràn. Wọ́n ní páásípọ́ọ̀tù mi ò gbọ́dọ̀ gbé ojú kan ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí olè máa ń kọ́kọ́ ṣọ́ èèyàn kó tó jalè. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé. Ibi tó jìnnà jù tí bàbá náà fúnra wọn dé láyé wọn ni Kùtọnù, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì padà sílé, ṣùgbọ́n mi ò ronú kan ìyẹn nígbà náà.

Mo tẹ̀ lé e dáadáa. Ní pápákọ̀ òfurufú tá a ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ kan rí i pé mò ń wo ọ̀tún wo òsì, ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Kánádà. Ọkùnrin náà láàánú. Ó gbé báàgì mi, ó mú mi rìn títí dé ibi tí àwọn tó ń lọ sí Kánádà tò sí, ó tún sọ fún ẹni tó wà níwájú mi pé kó máa bójú tó mi. Bí ogún ìṣẹ́jú ni mo fi tò lọ sí Kánádà kí n tó rí ọ̀nà yọ́ kúrò níbẹ̀.

Ilé obìnrin àgbàlagbà kan ni àdírẹ́sì tí àbúrò mi fún mi. Òyìnbó ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú, ọmọ wọn kan ṣoṣo ń gbé ní Pearland, ìlú kan nítòsí, wọ́n sì ń fi yàrá méjì háyà. Wọ́n fi mí sí yàrá iwájú. Ilé náà jìnnà sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nínú ìlú tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn onímọ́tò á dẹwọ́ eré láti wò ó bóyá ó sá kúrò níbì kan ni. Iṣẹ́ mi ni pé kí n jókòó sínú àpótí onígíláàsì kan níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá, kí n máa gba tíkẹ́ẹ̀tì. Pírámárì mẹ́fà àti mọ́dà tí mo kà kò lè gbé mi kọjá ibẹ̀, mi ò sì ráhùn.

Ará Pólándì náà ló wà ní yàrá kejì. Wẹ́dà ni. Ó ga, irunmú rẹ̀ nípọn, ó ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó fi wáyà so ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ìjọba ìlú wọn ló fojú rẹ̀ rí nǹkan tó fi sá jáde, ó sì ti gbé àgọ́ àwọn tó ń wá ibi ìsádi ní Jámánì kó tó dé Houston. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju tèmi lọ. Kálukú wa ló ń rò pé ti òun ló dára jù.

Nígbà tí mo sọ níbi iṣẹ́ pé ará Pólándì ni mò ń bá gbé, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi mí pé ṣé mo mọ iye ará Pólándì tó máa péjọ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ gílóòbù kan. Òmíràn ní ọtí ni wọ́n fi ń fọ ẹnu láàárọ̀. Ẹ̀kẹta ní kí n má gbé nǹkankan sílẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ bá tó, pé ọwọ́ wọn kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó yẹ kí n béèrè bí ẹni tí kò gbọ́n tó gílóòbù, tó tún mutí yó láti àárọ̀, ṣe wá ní ọgbọ́n àtijalè tó bẹ́ẹ̀. Mi ò béèrè. Àwọn èèyàn kan náà yìí ló bi mí ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé ṣé orí igi là ń sùn nílé. Mo bínú sí wọn gan-an nítorí ìyẹn, mo sì gba èyí tí wọ́n sọ nípa ará Pólándì gbọ́ láìku ẹyọ kan.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ Àìkú tí mo kó dé, ó ti kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé búrẹ́dì sórí àwo pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nílé àwọn nìyẹn. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Nínú ọkàn mi, mò ń bi ara mi pé ta ló ń gbé iyọ̀ wá fún àgbàlagbà. Nílé wa, ọmọ tuntun la máa ń fi iyọ̀ tọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Èmi kì í ṣe ọmọ tuntun, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá sọ mí lórúkọ. Nígbà tó lọ, mo da búrẹ́dì náà sẹ́yìn ọgbà fún àwọn ẹyẹ, mo sì gba ojú fèrèsé máa wò wọ́n bóyá wọ́n á kú. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fò lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún padà wá. Mo ní bóyá irú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bi mí pé aago mélòó ni mo máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kò dájú. Ó tún bi mí lọ́sẹ̀ kejì. Mo ní ó sinmi lé bí inú ọ̀gá mi bá ṣe rí. Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi àga tì í.

Àmọ́ ohun tó parí rẹ̀ ni ti Ọjọ́bọ̀ kan tí mo gbàgbé káàdì iṣẹ́ mi sílé. Mo padà láìròtẹ́lẹ̀, mo sì bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn mi, ó mú sukudiráfà lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, kò tiẹ̀ ta gìrì. Ó ní onílé ló ní kí òun bá mi tún kọ́kọ́rọ́ ṣe, pé ẹnu rẹ̀ kì í wọlé dáadáa. Mo ní ó ṣeun. Mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ náà kì í wọlé dáadáa lóòótọ́, nítorí èmi ni mo lọ bá onílé sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò já mọ́ nǹkankan lójú mi mọ́.

Títí di ọjọ́ yẹn, mo ti fi páásípọ́ọ̀tù mi sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, sínú bàtà òjò, sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, sínú ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ náà mo wo gbogbo yàrá, mo bi ara mi pé kí ni nǹkan kan ṣoṣo níbẹ̀ tí òyìnbó kò ní fọwọ́ kàn. Mo rí àpò gààrí méjì tí ìyá mi dì fún mi, gààrí Ìjẹ̀bú gidi. Ọ̀kan ni mò ń jẹ, ìkejì ṣì wà bí wọ́n ṣe dì í. Mo tú ìkejì, mo fi ọ̀rá wé páásípọ́ọ̀tù, mo ki í wọlé títí gààrí fi dé ìgúnpá mi, mo sì fi òwú rán ẹnu àpò padà bí ìyá mi ṣe rán an. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Mo pinnu pé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo máa gbé páásípọ́ọ̀tù náà lọ sínú ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé lókè àjà. Ibà mú mi ní Sátidé náà, mi ò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó dáadáa, mo ti rí ara mi lórí àga, mo ti rí ọwọ́ mi nínú ihò náà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ara mi yá, ọkàn mi sọ fún mi pé mo ti ṣe é.

Láàárín ìgbà náà ni ìyá ìjọ wa ní Alief kéde pé obìnrin kan láàárín wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì pẹ́ tó ti ilé dé, oúnjẹ ibẹ̀ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, gààrí ló ń sọ sùn sọ jí. Gààrí ò pọ̀ ní Houston nígbà yẹn bó ṣe wà báyìí. Mo gbé àpò tó wà ní dídì wá. Mo rò pé mo ṣe nǹkan ńlá.

Kò pẹ́ ni ìjọba wọn gbé òfin tuntun jáde pé kí gbogbo ọ̀gá iṣẹ́ máa wo ìwé àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀gá mi ní kí n mú páásípọ́ọ̀tù wá ní Ọjọ́ Ẹtì, nítorí inú rẹ̀ ni òǹtẹ̀ tó fún mi láyè iṣẹ́ wà. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gun àga, mo ki ọwọ́ bọ ihò òkè àjà. Eruku ni mo bá níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rántí sukudiráfà.

Inú kíṣìnì ni mo ti bá onílé, wọ́n ń pa irú ẹ̀pà wọn kan tó ń so lórí igi. Mo sọ fún wọn pé ará Pólándì ti jí páásípọ́ọ̀tù mi. Wọ́n gbé nǹkan tí wọ́n fi ń pa á sílẹ̀.

"Ṣé o rí i lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

Mo ní ìgbà tó jẹ́ àwa méjì péré ló háyà yàrá nílé náà, tí èmi ò sì jí i, ta ló kù?

Wọ́n yíjú sí ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Ohun tó ṣe wọ́n yé mi. Wọ́n ti ṣèlérí yàrá ńlá ẹ̀yìn, èyí tí ọkọ wọn ń lò tẹ́lẹ̀, fún ọkùnrin náà, nítorí ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láti Pólándì ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọn ò ti fojú kan ara wọn. Àdírẹ́sì ilé yẹn gan-an ni wọ́n kọ sórí ìwé tí obìnrin náà ń mú bọ̀, pé ibẹ̀ ló máa gbé. Tí kò bá sí ilé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa bá a sọ. Èmi náà mọ gbogbo èyí dáadáa. Mo dúró síbẹ̀, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Onílé ní, "Mo ti ń bá ara mi jà kí n má gba nǹkan táwọn èèyàn ń sọ nípa àwọn ará Pólándì gbọ́." Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n sì jáde lọ bá a.

Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó ní òun ò mú un. Ó ṣí yàrá rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi, ó sì lọ dúró sójú ọ̀nà. Mo wọlé, mo tú u. Mo tú ẹ̀wù rẹ̀, mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sókè. Mo bá bẹ́ẹ̀díṣíìtì tuntun tí kò tíì yọ nínú ọ̀rá, àti sálúbàtà obìnrin kan, pupa, tí ìwé tí wọ́n ki sínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀. Mo yọ ìwé náà, mo ki ìka mi bọ orí sálúbàtà náà méjèèjì títí dé ibi tí ìka ẹsẹ̀ ń dé. Ó ń wò mí. Mi ò rí nǹkankan. Mo jáde, mo ní á jẹ́ pé ó ti tà á.

Onílé ní kó wá ibòmíràn lọ, kó má kọjá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èmi bẹ ọ̀gá mi, ó fún mi di ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbàdúrà kí Ọlọ́run fi olè hàn. Bá a ṣe parí ìsìn, ìyá ìjọ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin tó le ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ti dàgbà tó láti bí mi.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo fi sínú gààrí tó o fún wa?"

Mo ní, "Gààrí ni, mà."

"Gààrí tó ní fọ́tò ẹ nínú?"

Wọ́n yọ ọ̀rá náà nínú báàgì wọn. Ọkọ obìnrin tó bímọ ló ń bu gààrí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà tí agolo tó fi ń bù ú fi kan nǹkan líle. Tọkọtaya náà ti rò pé oògùn ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ti wọ́n omi àdúrà sí i, wọ́n ti ka Sáàmù lé e lórí kí wọ́n tó ní ìgboyà tú ọ̀rá náà, ojú mi ló sì kọ́kọ́ yọ sí wọn.

Inú mi dùn débi pé mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Ìyá ìjọ bi mí pé àdúrà wo. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ń wúwo. Mo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo fo ibi tí mo ti tú sálúbàtà, wọ́n sì béèrè títí mo fi sọ ìyẹn náà. Wọ́n pa báàgì wọn dé.

"Ìgbà wo ló ń kó jáde?"

"Ìrọ̀lẹ́ yìí ni."

"Òní yìí?"

Mo ní ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú un dé ibi iṣẹ́ lọ́la, mà, kí ara mi balẹ̀, lẹ́yìn náà mo lè wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́.

Wọ́n ní, "Wọ mọ́tò."

Wọn ò bọ́ sùtánà funfun wọn, wọn ò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ mọ́tò náà lórí fíríwéè, òpópónà ńlá ìlú náà, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Mo ń ro ohun tí mo lè sọ. Mo lè sọ pé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró ni mo ti rí i. Mo lè sọ pé ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi níbi iṣẹ́. Mo gbé ti bọ́ọ̀sì síwájú ìyá ìjọ kí n lè mọ bó ṣe máa dún. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní mo lè lọ sọ bẹ́ẹ̀, àwọn á wọlé tẹ̀ lé mi pẹ̀lú sùtánà àwọn, àwọn á sì sọ bó ṣe jẹ́ gan-an níwájú mi.

Nígbà tá a débẹ̀, ọkùnrin náà ń fi okùn so mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Onílé dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìyá ìjọ kò sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Mo lọ dúró láàárín àwọn méjèèjì, mo na páásípọ́ọ̀tù náà jáde. Gààrí ṣì wà lára rẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó nira láti ṣàlàyé gààrí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ní oúnjẹ kan ni tó dà bí iyanrìn.

Onílé ní, "O fi páásípọ́ọ̀tù sínú oúnjẹ?"

"Nítorí olè ni, mà."

"Olè wo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn gààrí kúrò lára páásípọ́ọ̀tù náà.

Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yìí ti bi àwọn ní aago tí mo máa ń jáde, nítorí pé ó fẹ́ máa fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi dé ìdí bọ́ọ̀sì, tí èmi ò sì jẹ́ kó mọ̀. Mo wo ilẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn, èmi ló yẹ kí n kó ẹrù mi. Wọ́n wá yíjú sí ọkùnrin náà, ohùn wọn sì yí padà. Wọ́n ní àwọn gba ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀rí gbọ́, òun sì làwọn ṣẹ̀. Ohun tó bá sọ nípa mi làwọn máa ṣe.

Mo gbìyànjú láti bẹ̀ ẹ́. Mo ní jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ó gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn mátírẹ́ẹ̀sì náà ní kókó kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, kò sì kánjú. Nígbà tó tú kókó tó kẹ́yìn, ó ká okùn náà mọ́ ìgúnpá rẹ̀, ó sì wò mí.

"Ẹ jẹ́ kó dúró," ló sọ fún onílé, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò. "Ìyàwó mi ń bọ̀ ní Sátidé. Òun nìkan ló ń dá bọ̀, kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kó oríṣiríṣi nǹkan sí i létí nípa àwọn èèyàn dúdú tó wà níbí. Ìwọ lo máa bá mi lọ pàdé ẹ̀, ìwọ lo sì máa gbé ẹrù ẹ̀. Tó bá rí ẹ, ó máa di báàgì ẹ̀ mọ́ àyà. Má bínú sí i."